Ẹni Tó Jókòó Sórí Àga Ìyá Nusrat

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ìyá Nusrat fẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó bá ẹnì kan níbẹ̀.

Kò pariwo. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ó ti rí ohun tó ju ìyẹn lọ láyé. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dúró, ó ń retí kí ẹni náà dìde fún àgbà. Ẹni náà kò dìde. Kò ní ojú téèyàn lè sọ pé báyìí ló rí, ṣùgbọ́n tìmùtìmù àga ti rì wọlé lábẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń rì lábẹ́ ẹni tó tóbi.

"Ìyá, ẹ jókòó, ẹ mu ẹ̀kọ yín kó tó tutù," Nusrat sọ láti kíṣìnì.

"Ta lo fún lága mi?"

"Àga wo, Ìyá? Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Ìyá wo ọmọ, ó wo àga. Ó ní kò burú, pé ẹsẹ̀ òun ń fẹ́ ìdúró díẹ̀. Ó dúró mu ẹ̀kọ náà tán.

Lọ́sàn-án, ó fẹ́ na ẹ̀yìn. Ẹnì kan ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ẹnì kan ti forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìkírun rẹ̀, kò sì gbórí sókè títí tí wọ́n fi parí ìrun ní mọ́sálásí. Ìyá kírun tirẹ̀ lóòró gangan níwájú fèrèsé. Ìgbà yẹn ló wá sọ fún Nusrat pé òun kò tíì rí àyè jókòó láti àárọ̀.

*

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀, kí ẹ lè bá mi bínú.

Ilé náà wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Agboolé ńlá ni tẹ́lẹ̀, tó ní àgbàlá àti kànga. Ilé-iṣẹ́ kan wá, ó bá ẹbí tọwọ́ bọ̀wé, ó wó agboolé, ó kọ́ ilé alájà márùn-ún síbẹ̀. Fúláàtì mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá fa ìlà funfun síwájú ilé fún ọkọ̀ mẹ́fà. Ẹ kà á dáadáa: fúláàtì mẹ́wàá, ọkọ̀ mẹ́fà. Ẹni tó ya àwòrán ilé yẹn, n kò mọ iléèwé tó lọ, ṣùgbọ́n kò mọ Èkó.

Ẹbí gba fúláàtì méjì. Ìyá Nusrat, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Hàwáwù, ń gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú Nusrat, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mọ̀núrù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Nusrat, wà ní àjà kẹta. Ìwé àdéhùn sì sọ pé àyè kìíní, èyí tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn, ti Ìyá ni títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kíndìnrín Ìyá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì, Nusrat gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù kí ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé inú ọkọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé òpópó, níbi tí àwọn tí kò ní àyè ń gbé ọkọ̀ sí, gọ́tà méjì ni àti àwọn alátẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gbà. Ẹni tó bá gba àyè kìíní lọ́wọ́ Ìyá ti gba ọsibítù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Alhaji Sùrájù tó ń gbé àjà kẹrin ní jíìpù méjì, ó sì ní àyè kan. Táìlì ló ń tà. Ó mọ èèyàn í kí, ó máa ń tẹríba fún Ìyá tó bá ń kọjá, ahọ́n rẹ̀ a sì máa yọ̀ bí ilá. Ó kọ́kọ́ bẹ Nusrat. Ó gbé àpò ìrẹsì wá. Nusrat dá ìrẹsì padà sí àjà kẹrin, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún dókè. Sùrájù ní kí ẹgbẹ́ onílé dìbò sí i. Wọ́n dìbò, ohùn kan ṣoṣo tó gbè é ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan fi ìṣó fa ìlà sára jíìpù rẹ̀ kejì lójú òpópó, láti iná iwájú dé iná ẹ̀yìn. Sùrájù dúró, ó ń fi ìka tọ ìlà yẹn. Bó ṣe tọ ọ́ tán ló gba Ọbalẹ́ndé lọ.

*

Lẹ́yìn gáréèjì Ọbalẹ́ndé, níbi tí ariwo àwọn kọ̀ndọ́ ti ń dín kù, yàrá kan wà tí aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Àfáà Jíbrílù ló ń gbé ibẹ̀. Kò ní bọ́ọ̀dù, kò sì nílò rẹ̀.

"N kò fẹ́ kẹ́ ẹ pa á o, Àfáà," Sùrájù ní. Ó tún un sọ, kí ó lè dá ara rẹ̀ lójú pé èèyàn dáadáa lòun. "Kó ṣáà má rí àyè mọ́ ni. Kó dé ibẹ̀, kó bá a pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́, títí tí yóò fi sú u."

"Orúkọ?"

"Nusrat."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ Hàwáwù."

Àfáà gbé kálàmù sókè. "Ṣé o béèrè dáadáa? Orúkọ bàbá kò jẹ́ nǹkan kan níbí."

"Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Nusrat. Mo sì béèrè orúkọ Ìyá Nusrat lọ́wọ́ ẹbí wọn. Mo ní mo fẹ́ fi í sínú àdúà. Hàwáwù ni."

Àfáà kọ ọ́ sórí wàláà, ìlà lórí ìlà, ó ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Iná yàrá náà rẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà bọ̀ sípò. Ó fomi fọ wàláà, ó da omi dúdú náà sínú ìgò, ó dé e.

"Ẹni tí mò ń rán yìí kò gbọ́n," ó ní. "Kò mọ ìwọ, kò mọ èmi. Orúkọ ìyá ni ilẹ̀kùn tó máa kàn. Ilé tí o júwe fún un ló máa wọ̀, tó bá sì wọlé, jíjókòó ló mọ̀. Lọ dà á sórí àyè náà kí oòrùn tó yọ. Má wẹ̀yìn."

Sùrájù dà á ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Omi náà kò ṣàn, ilẹ̀ kọnkéré mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó ti dé àtẹ̀gùn kejì kó tó rántí pé wọ́n ní kóun má wẹ̀yìn, òun sì ti wẹ̀yìn.

*

Ogójì ọdún ni Ìyá fi ta egbò àti èèpo igi ní Ẹnu Ọ̀wá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgá, ààfin Ọba Èkó. Àwọn ọmọ tó mu àgbo rẹ̀ ti di bàbá àgbà. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń tà, tí kì í pàtẹ rẹ̀. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ mọ bó ṣe ń béèrè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tó ti fara ti ògiri mọ́jú, ó ní kí Nusrat fa àpótí òun jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá, dókítà ni ká pè."

"Dókítà máa ní kí n jókòó kí òun lè yẹ̀ mí wò. Fa àpótí yẹn, jọ̀ọ́."

Ó yọ èèpo igi kan tó dúdú, ó yọ èkejì tó pọ́n, ó fọ́ wọn sínú agolo ẹyin iná. Ó ní kí Nusrat ti fèrèsé. Èéfín náà gbéra, ó nípọn, ó rìn lọ sí ìdí àga bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Nusrat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborí bo imú, ó ń rò ó pé ọjọ́ ogbó ló ń da Ìyá láàmú.

Èéfín dé orí àga. Kò kọjá. Ó gba apá ọ̀tún, ó gba apá òsì, ó fi àárín sílẹ̀, àárín tó fi sílẹ̀ náà sì ní èjìká. Ó ní orí. Orí náà yí díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ Nusrat, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù ba Nusrat, ó fẹ̀yìn lé ilẹ̀kùn. Ìyá nìkan ló sún mọ́ ọn, ó ń fẹ́ iná sí i, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí èéfín.

"Jáde," ó ní. "Mo ti lé ohun tó jù ọ́ lọ."

Ohun náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nusrat kò gbọ́ ohun tó sọ, ó kàn rí i pé ojú Ìyá yí padà. Èéfín túká. Tìmùtìmù ṣì rì sílẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ní Ọbalẹ́ndé, wàláà Àfáà Jíbrílù tó rọ̀ sára ògiri sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àfáà kò fọwọ́ kàn án. Ó dúró tì í, ó ń ka orúkọ tó kọ sórí rẹ̀ lọ́jọ́sí, tó ti fọ̀ kúrò, tó tún ti hàn padà.

*

Lọ́jọ́rú, Nusrat ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún Ìyá. Ìyá wo ìjókòó iwájú, ó mi orí.

"Ó wà níbẹ̀."

"Ìyá, ẹ fara dà á. Mo bẹ̀ yín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nusrat fi èjìká ti ìyá rẹ̀. Ìdí Ìyá lọ sílẹ̀ dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀, kò kan àwọ̀ ìjókòó. Nusrat tún tì í. Ó ń ti ara ènìyàn mọ́ ohun tó le. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti wà níbẹ̀ náà. Wọn kò lè lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹsẹ̀ Ìyá ti wú títí dé orúnkún, awọ rẹ̀ ń dán. Ibi kan ṣoṣo tó ti rí oorun díẹ̀ sùn ni ẹ̀yìn Nusrat: Nusrat á dúró, á fọwọ́ ti ògiri, Ìyá á fara tì í láti ẹ̀yìn, á tòògbé.

Ìbínú wá bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀ nínú Nusrat. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹta, ó di Mọ̀núrù lọ́rùn aṣọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mọ̀núrù yìí ló ti ń sọ láti oṣù tó kọjá pé kí wọ́n fi àyè kìíní sílẹ̀, kí àlàáfíà lè wà.

"Ẹ̀yin ni. Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ fẹ́ kí Ìyá kú kẹ́ ẹ lè gba ilé."

"Kí ni mo ṣe? Nusrat, fi mí sílẹ̀."

Ó wọ́ ọ wá sísàlẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún dín ní mẹ́fà, síwájú Ìyá. Ìyá fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó wo àwọn méjèèjì.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Òun kọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Torí ohun yẹn bá mi sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní wọ́n rán òun wá sọ́dọ̀ Nusrat ọmọ Hàwáwù. Bó ṣe pè é nìyẹn. Bi Mọ̀núrù pé ta ló bí ẹ."

Mọ̀núrù nu òógùn ojú. "Ìyàwó kékeré ni. Àǹtí Sàfúrátù. Kò pé ogójì ọjọ́ lẹ́yìn tó bí ẹ tí Ọlọ́run fi pè é. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, èmi ni mo di fìtílà mú níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú rẹ̀."

Nusrat mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, débi pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Hàwáwù ìyáálé kò bímọ rí. Ọjọ́ tí wọ́n sin Sàfúrátù ló gbé ọmọ náà pọ̀n, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Nusrat, kò sì sẹ́ni tó tún dúró béèrè ìdí.

"Ẹ gbọ́," Ìyá ní. "Kò sí ọmọ agboolé yìí tó máa fẹ́ ṣe Nusrat níbi tí yóò fi orúkọ mi ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá níbí mọ̀ pé kò ní ràn. Àlejò ló ṣe é. Kò rí ẹni tí wọ́n rán an sí, orúkọ tèmi nìkan ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ló fi jókòó tì mí."

Mọ̀núrù fọwọ́ lérí.

"Alhaji òkè yẹn bi mí," ó ní. "Nígbà àwẹ̀. Ó ní kí lorúkọ Ìyá Nusrat, òun fẹ́ fi í sínú àdúà. Mo sì sọ fún un."

*

Lọ́jọ́bọ̀, Sùrájù padà sí Ọbalẹ́ndé, ojú rẹ̀ le. Ọjọ́ kẹrin rèé, Nusrat ṣì ń gbé ọkọ̀ sí àyè kìíní láìṣẹ́jú, ó tiẹ̀ tún ń wo fèrèsé òun lókè tó bá bọ́ sílẹ̀.

Àfáà Jíbrílù kò fún un láyè kó sọ̀rọ̀. Ó ti tẹ iyanrìn sílẹ̀, ó ti pa á rẹ́, ó ti tún un tẹ̀.

"Hàwáwù tí o mú wá yìí kò bímọ rí."

"Irọ́ ni. Ìyá Nusrat ni gbogbo èèyàn ń..."

"Gbogbo èèyàn ló pè é bẹ́ẹ̀, ìwọ sì lọ kọ ohun tí gbogbo èèyàn ń pè. Mo bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú." Àfáà nawọ́ sí wàláà tó sán. "Iṣẹ́ ti dé, ó ti wọlé, ó ti jókòó. Ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ló jókòó sí, ara ń kan án. Obìnrin yẹn sì tún fi èéfín yọ ọ́ lẹ́nu. Ó mọ nǹkan, arúgbó yẹn."

Sùrájù wo wàláà náà. "Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Kí arúgbó náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí pé Nusrat kì í ṣe ọmọ òun. Gbólóhùn kan péré. Iṣẹ́ á gbọ́, á mọ̀ pé òun ṣìnà, á padà sọ́dọ̀ mi, màá tú u."

"Tó bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ọjọ́ mélòó ni arúgbó lè fi dúró? Tó bá ṣubú, tó bá kú, ohun yẹn á dìde níbẹ̀." Àfáà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀, Sùrájù ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àpò méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Kò mọ ẹlòmíràn ní Èkó yìí ju ìwọ tó wẹ̀yìn wò ó lọ."

*

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe tú láti ìrun Jímọ̀, Sùrájù wọlé géètì pẹ̀lú aṣọ funfun. Ìyá fara ti òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè kìíní, Nusrat dì í mú lábíyá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dà bí iṣu, èémí rẹ̀ kúrú. Nusrat ti tún gbìyànjú láti gbé e wọ ọkọ̀ láàárọ̀, kò ṣeé ṣe. Mọ̀núrù wà níbẹ̀, àwọn ará ilé tó ń bọ̀ láti mọ́sálásí sì dúró wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Sùrájù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré.

"Ìyá, mo ṣìṣe. Èṣù ló tì mí. Ẹ forí jì mí."

Nusrat fẹ́ fò mọ́ ọn. Ìyá ni kò jẹ́ kó lọ.

"Sọ ohun tó o wá sọ," Ìyá ní.

Sùrájù sọ ọ́, ó sọ ọ̀nà àbáyọ tí Àfáà fún un. Kò gbórí sókè. "Òótọ́ ni, Ìyá, mi ò ní kẹ́ ẹ pa irọ́. Ẹ kàn sọ pé kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ máa jókòó lẹ́sẹ̀ kan náà. Mi ò sì ní béèrè àyè yẹn mọ́ láéláé."

Nusrat wo ẹsẹ̀ tó wú yẹn, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.

"Ìyá, ẹ sọ ọ́," ó ní. "Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àǹtí Sàfúrátù ló bí mi. Kò ní dùn mí, mo búra. Ẹ sọ ọ́ kí n lè gbé yín lọ sí ọsibítù."

"Kò ní dùn ọ́?"

Omi kún ojú Nusrat.

"Á dun èmi," Ìyá ní. Ó yíjú sí Sùrájù. "Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi ń jẹ́ orúkọ yìí. Wọ́n fi bú mi rí, wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń gbé kiri. Àwọn obìnrin ilé bú mi, àbúrò ọkọ mi bú mi. N kò sẹ́ ọmọ mi fún wọn. Ìwọ wá fẹ́ kí n sẹ́ ẹ nítorí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí."

"Ìyá, ẹ máa kú."

"Bóyá. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ orúkọ mìíràn lọ sí sàréè." Ó fi ọ̀pá tọ́ka. "Nusrat, gbé ọkọ̀ rẹ kúrò lórí àyè yẹn díẹ̀. Mọ̀núrù, lọ gbé àga mi wá. Kí o sì mú ọ̀já kan bọ̀ nínú àpótí mi, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti le."

Wọ́n ṣe é bó ṣe wí. Mọ̀núrù gbé àga wá, òógùn bò ó. Ó ní àga tí òun máa ń fọwọ́ kan gbé, òun kò mọ ìdí tó fi wúwo báyìí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sáàárín ìlà funfun. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, gbogbo wọn ló rí bí tìmùtìmù ṣe rì sílẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátù Kúrísíyu, ó ṣì í, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìyá dúró níwájú àga náà.

"Wọ́n ní kó o wá Nusrat ọmọ Hàwáwù," ó ní. "Èmi ni Hàwáwù. Nusrat nìyí. N kò kúnlẹ̀ bí i, mo pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́n ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀. O kò lè rí i mú, torí pé tèmi ni, o kò sì lè padà, torí pé ẹni tó rán ọ kò mọ ibi tó rán ọ sí. Wọ́n ti já ọ jù sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá já jù sílẹ̀ nílé mi, èmi mọ ohun tí mo máa ń ṣe fún un."

Ó yíjú padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí àga, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹsẹ̀ wíwú yẹn, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ lè gùn ún.

"Ó yá," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Wá."

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, tìmùtìmù gbéra sókè.

Orúnkún Ìyá yẹ̀. Nusrat sáré, Ìyá ní kó má fọwọ́ kan òun. Ó gba ọ̀já lọ́wọ́ Mọ̀núrù, ó gbé e gba ẹ̀yìn, ó so ó sókè àyà. Aṣọ náà kò fẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yọ gọngọ, ó yí nǹkan kan tó tóbi ju Ìyá fúnra rẹ̀ lọ ká, nǹkan náà sì ń mí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń fọwọ́ lù ú nídìí díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń rẹ ọmọ, ó ń rìn lọ síbi tí jíìpù Sùrájù wà. Sùrájù ti dìde. Ó fẹ́ sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Èmi kò mọ̀ bóyá oògùn ni tàbí ìtìjú. Ìyá dé ẹnu ilẹ̀kùn jíìpù, ó ṣí i, ó kọ ẹ̀yìn sí ìjókòó dírẹ́bà.

"Sọ̀kalẹ̀," ó ní. "Ilé ẹni tó ni ọ́ rèé."

Ó tú ọ̀já. Ọ̀já já wálẹ̀ gbẹrẹfu. Táyà jíìpù náà tẹ̀, ara ọkọ̀ rì sí apá kan, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ìyá rìn padà, Nusrat sì dì í mú báyìí. Ó dé ìdí àga rẹ̀ láàárín ìlà funfun, ó fi ọwọ́ gbá tìmùtìmù lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó. Ó mí kanlẹ̀, ó pa ojú dé. Mọ̀núrù ń sunkún láìfi pamọ́.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti ọsibítù," Ìyá ní, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé. "Ẹ gbé mi."

*

Ìmọ́lẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n padà dé. Ẹ̀rọ ti fọ ẹ̀jẹ̀ Ìyá, dókítà ti bínú, Nusrat ti bẹ̀ ẹ́. Ìyá jókòó síwájú ọkọ̀ láti ọsibítù dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó na ẹsẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú.

Alhaji Sùrájù ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ilẹ̀kùn jíìpù ṣì wà ní ṣíṣí, aṣọ funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ti gòkè lọ sílé lẹ́ẹ̀kan, ó bá ẹnì kan lórí àga òun náà, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó tẹríba díẹ̀, ó ń bá ìjókòó dírẹ́bà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ń sọ. "Ẹ sún díẹ̀ fún mi. Díẹ̀ péré."

Nusrat wa ọkọ̀ wọ àyè kìíní, ó pa iná rẹ̀. Sùrájù gbọ́, ó yíjú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú.

"Ìyá, nítorí Ọlọ́run, ẹ gbé e kúrò. Ẹ̀yin ló gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ tún un pọ̀n."

Ìyá Nusrat sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀. Ó wò ó fínnífínní, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, Alhaji," ó ní. "Òun ló wa ọkọ̀ yìí wá."